Ọdún Tí Kọ̀ǹpútà Wa Yadi

Ikọ́ ni ohùn àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ láàárọ̀ nílé wa ní Jàpárà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kì í ṣe ikọ́ ẹni tó wà láàyè. Bàbá àgbà mi ló ni ín, wọ́n sì ti sin ín kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé wa rárá. Bàbá àgbà á dá orin, á kọ ẹsẹ kan àti ààbọ̀, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ akọrin á rọra rẹ́rìn-ín, Bàbá àgbà á sì máa bá orin rẹ̀ lọ bí ẹni pé wọ́n kọ ikọ́ náà mọ́ orin ni. Inú kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Lẹ́yìn ikọ́ yẹn ni màá tó gbọ́ ìgbálẹ̀ ìyá mi lójúde, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó nísàlẹ̀ àdúgbò, àti agogo kékeré tí Màmá, ìyá bàbá mi, máa ń lù lẹ́ẹ̀mẹta kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìkórè ni wọ́n gba ohùn náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, sínú kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kásẹ́ẹ̀tì yẹn, tí Màmá sì ń sunkún bí ọmọdé, Bọ̀dá Káyọ̀dé ló gbà wá. Ọmọ yunifásítì ni, ó ń lọ sí Àgọ́-Ìwòyè lójoojúmọ́, ó sì háyà yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnnì wa. Ó fi wáyà so rédíò mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó ní kí gbogbo wa panu mọ́, kásẹ́ẹ̀tì náà kọrin lẹ́ẹ̀kan péré sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi já. Láti ìgbà náà, inú kọ̀ǹpútà nìkan ni Bàbá àgbà kù sí.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, Màmá sì ni Ìyá Ìjọ. Bí àdúrà bá parí láàárọ̀, á gbé abọ́ tánganran rẹ̀, funfun tó ní etí búlúù, omi tó ti gbàdúrà sí á wà nínú rẹ̀, á sì fi imọ̀ ọ̀pẹ wọ́n ọn yí ilé ká. Á wọ́n ọn sí ìlẹ̀kùn, á wọ́n ọn sí ayùn bàbá mi, sí báàgì ilé ìwé mi, á wá ti ìka bọ̀ ọ́, á fi kàn mí níwájú orí. Ìka yẹn máa ń tutù, mo sì máa ń rò pé kò sí ohun tó lè ṣe mí títí di ìgbà tó bá gbẹ. Kọ̀ǹpútà náà ń gba tirẹ̀, àmọ́ Màmá kì í fi imọ̀ kàn án. Ìka kan ló máa ń fi kan orí rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Bàbá mi tó ń la gẹdú ní Mamu á máa kùn bó ṣe ń wá bàtà rẹ̀ kiri. Á ní, "Màmá, omi àti iná kì í jọ sùn o." Màmá á ní, "Ìwọ lo bí mi ni àbí èmi ni mo bí ẹ?" Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni Màmá ń sọ, èmi ni mò ń yí i sí Yorùbá inú ìwé níbí kí ọmọ ìlú mìíràn lè bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fọ́ àwo: "Ohun tí ọwọ́ bá bà jẹ́, ẹnu ló ń kọ́kọ́ tún un ṣe." Bó o bá yára sọ pé ìwọ lo fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bó o bá dákẹ́, á bá ẹ dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ tirẹ̀ sì máa ń le ju ti èèyàn lọ.

Géèmù bọ́ọ̀lù kan ló fa gbogbo rẹ̀. Mo ti lé ní ọmọ ọdún méjìlá díẹ̀. Ọmọ kíláàsì mi kan yá mi ní sìídì rẹ̀, mo tì í bọ inú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní àyè ò tó. Mo ti rí ibi tí Bọ̀dá Káyọ̀dé ti máa ń yọ nǹkan kúrò, mo ṣí ibẹ̀, mo bá orúkọ rẹpẹtẹ. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé orúkọ tí ẹnikẹ́ni nílé wa kò bá mọ̀, àlejò tí kò ní ẹni tó wá wò ni, kó máa lọ. Ọ̀kan nínú wọn ní àwòrán sípíkà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo dúró lórí ìyẹn díẹ̀. Mo wo sípíkà wa lórí tábìlì: ó ní okùn tirẹ̀, ó ní iná tirẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń mú ohùn lọ sókè wà lára rẹ̀. Kí ló tún ń wá nínú kọ̀ǹpútà? Mo tẹ̀ ẹ́. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Géèmù náà wọlé, ó ṣeé gbá, àmọ́ kò dún, mo sì rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Lónìí tó jẹ́ pé iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ni mo fi ń jẹun, mo mọ ohun tí mo yọ. Díráífà ni wọ́n ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí ẹ̀mí bá gbé wòlíì tó ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, ẹnì kan máa ń dúró tì í láti túmọ̀ rẹ̀ fún ìjọ. Iṣẹ́ tí díráífà ń ṣe láàárín kọ̀ǹpútà àti sípíkà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà wa ń sọ̀rọ̀, sípíkà wa ṣe tán láti gbé e jáde, èmi ni mo lé ògbufọ̀ kúrò láàárín wọn.

Ó wá bọ́ sí àsìkò burúkú. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Màmá parí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ayọ̀ sì ti mú un débi pé imọ̀ ọ̀pẹ ló fi wọ́n gbogbo pálọ̀ nírọ̀lẹ́, tó kan kọ̀ǹpútà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi tẹ orin Bàbá àgbà, ìlà kékeré tó ń sáré lórí ojú kọ̀ǹpútà ń sáré, àmọ́ kò sí ohùn. Ó tún un tẹ̀. Bàbá mi gbọn wáyà, ó lu sípíkà ní ẹ̀yìn. Ó wá fi ọwọ́ pa orí àpótí kọ̀ǹpútà náà, ó wo ìka rẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ rí i? Ọjọ́ wo ni mo ti ń sọ ọ́?" Màmá ní, "Ìka kan péré ni." Bàbá mi ní, "Ìka kan kọ́ o, Màmá. Imọ̀ ọ̀pẹ lẹ fi wọ́n ọn lánàá. Gbogbo wa la wà níbẹ̀." Màmá wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ju "Iye mi" lọ, bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń pe ìyá ẹni nígbà tí nǹkan bá wọni lára. Èmi náà wà níbẹ̀, mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká. Àárín ìgbà tí bàbá mi sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí Màmá dáhùn ni ohun tí mo ṣe yé mi. Mo ti ń rántí àwòrán sípíkà kékeré yẹn. Mo lè sọ ọ́ nígbà náà, kí ó parí síbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ àwo. Mo jáde lọ sílé ìwé.

Bàbá mi pe ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti òdìkejì ìlú. Ọkùnrin náà tú àpótí rẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀, ó rí ipa funfun kan lára irin, ó sì bi wá bóyá omi kàn án. Kò sí ẹni tó purọ́. Gbogbo wa wo Màmá. Ọkùnrin náà ní, "Ó parí. Omi ti pa bọ́ọ̀dù ohùn rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kò lè dún mọ́." Bọ̀dá Káyọ̀dé ì bá ti mọ ohun tó ṣe é, àmọ́ ó ti lọ sílé wọn ní Èkìtì fún ìsinmi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá da omi inú abọ́ rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àdúrà ń lọ láàárọ̀, agogo ń dún, ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe àmín, oníkálukú á dìde, kò sí ẹni tó ń yí ilé ká. Ìyá kan gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá wá láti Ilaporu, ó ní kí Màmá bá òun gbàdúrà sí omi gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Màmá ní kí ó máa lọ bá àwọn wòlíì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin náà ní, "Ọwọ́ yín ni mo bá wá, Ìyá Ìjọ." Màmá ní, "Ọwọ́ mi ló pa ọkọ mi lẹ́nu mọ́. Kí ló fẹ́ ṣe fún ọmọ ẹ?" Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo wà, mo ń bó ẹ̀pà, mi ò lè bó o mọ́.

Nígbà tí Bọ̀dá Káyọ̀dé dé, ìyá mi ròyìn fún un, ó sì jókòó ti kọ̀ǹpútà náà lọ́sàn-án nígbà tí àwọn àgbà ti jáde. Ó ní kí n wá wò. Ó kọ́kọ́ yọ okùn sípíkà, ó tì í bọ ẹ̀yìn rédíò, rédíò dún. Ó ní, "Sípíkà jàre." Ó tọ́ka sí igun ìsàlẹ̀ níbi tí àwòrán sípíkà máa ń wà, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wá ṣí ibì kan tó to gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bí orúkọ ọmọ kíláàsì, ọ̀kan nínú wọn sì ní àmì ìbéèrè yẹ́lò níwájú. "Wò ó. Ó ṣì ń dáhùn. Òkú kì í jẹ́ ìpè. Kò sí omi kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, díráífà rẹ̀ ni wọ́n yọ." Ó wo àwòrán bọ́ọ̀lù tó wà lójú kọ̀ǹpútà. "Dàmọ́lá, ta ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbí?"

"Èmi ni."

"Ta ló yọ díráífà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Bọ̀dá."

Ó wò mí títí ojú mi fi wálẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló máa wá a." Ó tún ní, "Ayálégbé ni mí. Mi ò lè jókòó sí pálọ̀ bàbá ẹ kí n máa sọ pé ọmọ onílé ló ṣe é. Bí wàá ṣe tún un ṣe, ìyẹn ni mo lè kọ́ ẹ. Bí wàá ṣe sọ ọ́, kò sí nínú ìwé tí mò ń kà."

Ó fi nọ́ńbà kan hàn mí lẹ́yìn àmì yẹ́lò náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà tó so mọ́ra lórí ìlà gígùn kan. Ó ní orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí lè purọ́, àmọ́ nọ́ńbà yẹn kì í purọ́, òun ló ń sọ ẹni tó ṣe ẹ̀yà ara náà àti irú èyí tó jẹ́. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi. Ní Sátidé, mo gba Àgọ́-Ìwòyè lọ pẹ̀lú fíláàṣì Bọ̀dá Káyọ̀dé lápò, ohun kékeré tí wọ́n fi ń kó nǹkan láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, mo wọ káfè íńtánẹ́ẹ̀tì kan tó sún mọ́ yunifásítì. Kò sí ìkánjú tí mi ò ṣe. Mi ò wo nọ́ńbà mi dáadáa, díráífà tí mo kọ́kọ́ rí tí wọ́n pè ní ti ohùn ni mo gbé. Nígbà tí mo délé, kọ̀ǹpútà ní òun kò rí ẹ̀yà ara tó bá a mu. Sátidé kejì, mo wo nọ́ńbà náà o, àmọ́ mo ti kọ mẹ́jọ kan bíi lẹ́tà B láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà di búlúù pátá, lẹ́tà funfun kún ojú rẹ̀, mo rò pé mo ti pa á tán ní tòótọ́. Bọ̀dá Káyọ̀dé kàn ní kí n pa á, kí n tan án padà, kí n yọ èyí tí mo fi sí i, kí n tún nọ́ńbà kọ. "Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹni tó gbọ́n. Ti ẹni tó lè tún bẹ̀rẹ̀ ni." Ṣùgbọ́n kì í ṣe káfè ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, bí mo bá ti Àgọ́ dé, Màmá á ti bo ìkọ́kọrẹ́ tèmi sílẹ̀, ẹja gbígbẹ Wọ́tásáìdì tó tóbi jù nínú ìkòkò á wà lórí rẹ̀. Á jókòó tì mí, á máa wò mí bí mo ṣe ń jẹun. Ó sọ fún ìyá mi ní etí mi, "Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni ọmọ yìí ń sáré kiri sí." Mo jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà tán. Mo fẹ́ sọ pé kò lọ lọ́fun mi, àmọ́ ó lọ, ó sì dùn.

Sátidé kẹta ló ṣe é. Mo fi sí i, mo pa á, mo tan án padà, kọ̀ǹpútà náà sì kọ orin kékeré tó máa ń kọ tó bá jí. Mo tẹ orin Bàbá àgbà. Ẹ̀yìnkùlé ni Màmá wà, ó ń rin ewùrà. Nígbà tí ikọ́ yẹn máa fi dún, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ funfun fún ewùrà, kò wọlé, ó kàn ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń sọ ìtàn fún. Ìyá mi ti ń ṣọpẹ́. Bàbá mi jáde láti yàrá, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lórí rẹ̀, ó tẹ́tí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Omi ti gbẹ. Omi tó wọ inú rẹ̀ ti gbẹ ni. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tún tutù mọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Káyọ̀dé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹnu mi ló ń wò. Bàbá mi ní, "Àbí, Dàmọ́lá?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti gbẹ." Mo ti ń purọ́ nípa dídákẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni ìgbà tí mo fi ẹnu mi pa irọ́ náà.

Ohùn padà, àmọ́ abọ́ kò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti rò pé bí kọ̀ǹpútà bá ti dún, ohun gbogbo á tún ara rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ tí ìdánwò wa bẹ̀rẹ̀, Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ń lọ. Ó gbé ọwọ́ sókè síwájú orí mi, bó ṣe ti mọ́ ọn lára, ó rántí, ó sì fi ọwọ́ náà nu ìró rẹ̀. Ó ní, "Máa lọ. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ á bá ẹ lọ." Mo dé ìdí iná ìyá alákàrà, mo padà. Mo wọ yàrá rẹ̀, Màmá tẹ̀ lé mi wọlé, mo dọ̀bálẹ̀, mo na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa abọ́ náà jáde pẹ̀lú eruku rẹ̀. Ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti sọ ọ́, gbogbo rẹ̀, géèmù, àwòrán sípíkà, káfè, títí kan "Ó ti gbẹ."

Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mélòó?" Mo ní ó ń lọ sí mẹ́fà. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lo fi ń wò mí." Ó ní kí n lọ sọ fún bàbá mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Bàbá mi kì í ṣe òǹrorò, àmọ́ gẹdú ló ń là, ọwọ́ rẹ̀ le, mo sì bẹ̀rù ojú rẹ̀ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Màmá ní, "Èmi kọ́ ni màá bá ẹ sọ ọ́. O ti fi ọwọ́ tún un ṣe, ẹnu ló kù. Ọjọ́ tó o bá sọ ọ́, màá dé ibẹ̀." Mi ò mọ ibi tó ń jẹ́ ibẹ̀ nígbà náà. Ó fọ abọ́, ó bu omi, ó gbàdúrà sí i, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kàn mí níwájú orí, mo sì sáré lọ kọ ìdánwò tí mi ò yege dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, imọ̀ ọ̀pẹ padà sílé wa. Ó wọ́n ìlẹ̀kùn, ó wọ́n ayùn, ó wọ́n báàgì mi. Nígbà tó dé iwájú kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìgbà náà ni mo mọ ibi tó ń jẹ́ ibẹ̀. Bàbá mi ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ti gbọ́n." Ó ní, "Mo ti gbọ́n."

Báyìí ló ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti ọdún yẹn. Bọ̀dá Káyọ̀dé parí ìwé, ó lọ. Ìwé tèmi kò jìnnà, mo ṣíwọ́ lẹ́yìn girama, mo sì kọ́ṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Àwọn ọmọ yunifásítì máa ń gbé láàpútọ́pù wá, wọ́n á ní kò dún, kò tẹ̀wé, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Èmi kì í bá wọn jiyàn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ti kú ikú tirẹ̀, mo ti kó Bàbá àgbà sínú láàpútọ́pù tí mo fi sí pálọ̀ fún Màmá, ó sì ń wúkọ́ níbẹ̀ láràárọ̀. Màmá ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àmọ́ ó ń wọ́n omi síbẹ̀, gbogbo ilé, àyàfi láàpútọ́pù. Àwàdà ni bàbá mi fi í ṣe. Kò sí àlejò tó wọ ilé wa tí kì í gbọ́ ìtàn ọjọ́ tí omi Màmá pa kọ̀ǹpútà lẹ́nu mọ́. Á sín ohùn ọkùnrin tó wá tún un ṣe jẹ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, Màmá náà á rẹ́rìn-ín, á sì wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, á gbé ojú kúrò.

Ọjọ́ Àìkú kan láìpẹ́ yìí, àlejò méjì tẹ̀ lé wa dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, orin Bàbá àgbà ń lọ, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ní omi ti pa bọ́ọ̀dù, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Bàbá, kì í ṣe omi." Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló wá jẹ́?" Mo ní, "Èmi ni." Mo sọ ọ́ níwájú àwọn àlejò, kò gùn tó bí mo ṣe rò ní gbogbo ọdún yìí. Bàbá mi wo Màmá. "Ẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ ìdánwò rẹ̀."

"Tí mo wá ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé?"

"Ìtàn náà dùn lẹ́nu ẹ," Màmá ní. "Mo ń dúró de ọmọ mi ni." Ó wá kọjú sí mi. "Ó pẹ́ o. Mo ti ń rò pé mi ò ní lè dúró mọ́. Gbé abọ́ mi wá."

Mo gbé e wá. Ó ti ìka kan bọ omi. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, "Màmá, ẹ rọra, omi àti," ó sì gé e síbẹ̀. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé láàpútọ́pù náà sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó dì í mú kó má mì. Ìka Màmá ń gbọ̀n, àmọ́ ó balẹ̀ sí etí láàpútọ́pù náà lókè, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Bàbá àgbà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan rọra rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá orin rẹ̀ lọ.